Omijé Àlejò

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ará ilé wa ní Mòwé ń kẹ́yìn sí ehoro kan kí wọ́n tó bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé omi fún un yóò fi ẹ̀yìn rìn lọ síbi tó wà, yóò na ọwọ́ sẹ́yìn, yóò gbé abọ́ kalẹ̀, yóò sì sáré kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rù apólò ló ń bà wọ́n. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nílẹ̀ wa pé bí èèyàn bá ti wo ojú ẹni tí apólò mú, tirẹ̀ náà ti pọ́n nìyẹn. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín ló máa ń pa mí, àmọ́ nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹ̀mí ehoro mi ló wà nínú ewu, èmi nìkan sì ni mò ń wò ó lójú.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò l'Ékòó nígbà náà ni. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí irú wa náà lè rà, ìyá mi sì ní ọ̀kan tó tóbi tó ọṣẹ ìfọṣọ. Mo ti parí ilé ìwé girama, mò ń dúró de èsì ìdánwò, kò sì sí nǹkan tí kò dùn mọ́ mi nínú. Ilẹ̀ pupa dùn mọ́ mi. Kànga dùn mọ́ mi. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wọlé láti inú igbó ẹ̀yìnkùlé, tí kò ní òórùn gọ́tà nínú, dùn mọ́ mi débi pé mo máa ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ títí ẹ̀fọn fi ń sọ mí di oúnjẹ. Bàbá mi ń jáde lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá mi ń ránṣọ níwájú ilé, èmi sì ń pàṣẹ káàkiri ọgbà bí ọ̀gá tí ẹnikẹ́ni kò yàn.

Bàbá onílé ló ń gbé yàrá iwájú. Ọmọ bíbí àdúgbò ni wọ́n, àgbà mùsùlùmí tó ti wà níbẹ̀ kí títì márosẹ̀ tó dé. Ojú wọn kan ti fọ́ láti kékeré. Ọ̀kan tó kù ni wọ́n fi ń ṣe ohun gbogbo, bí ẹnikẹ́ni bá sì ń gbálẹ̀ nítòsí wọn, wọn a fi ọwọ́ bò ó títí eruku yóò fi rọlẹ̀. Bí a bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò gun ọ̀kadà, wọn a ní, "Olójú kan kì í tàkìtì òró." Wọ́n fẹ́ràn wa, wọn a sì máa pe ìyá mi ní ọmọ wọn.

Ọ̀sẹ̀ tí a kó dé gan-an ni bàbá mi gbé ehoro kan wálé nínú páálí bisikíìtì. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń gbé ní Ìbàfò ló fún wọn. Funfun ni, àfi àbàwọ́n dúdú kan tó wà létí rẹ̀ ọ̀tún. Bàbá mi ní ẹran Kérésì ti dé. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ dé ìdí ìkòkò, mo ti gbé e mọ́ra, mo ní Àlejò ni orúkọ rẹ̀, nítorí ta ni yóò pa àlejò sọbẹ̀? Inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi. N kò mọ̀ pé orúkọ ń ro ọmọ, ó sì lè ro ehoro náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìyá mi gba orúkọ náà gbọ́. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà, àlejò kì í jẹ àjẹkù, wọn kì í sì í fún un ní nǹkan tó le. Mo gé èèsún ní ẹ̀yìnkùlé wá fún Àlejò, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n dà á nù. "Ta ní ń fún àlejò ní koríko? Ṣé wọn ò tọ́ ẹ ni?" Bí Àlejò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ inú búrẹ́dì tí a rẹ sínú tíì onímílíìkì nìyẹn, ó ń jẹ ìrẹsì rírọ̀, ó ń jẹ mọ́ín-mọ́ín, bó bá sì di ọjọ́ Àìkú, ìyá mi a se ẹyin, wọn a tẹ̀ ẹ́ fún un. Bó bá ti gbọ́ ìró ṣíbí báyìí, yóò nà ró lórí ẹsẹ̀ méjì. Ó sanra, ó ń dán. Mo máa ń gbé e jókòó sẹ́nu ọ̀nà lírọ̀lẹ́ kí àwọn tó ń kọjá lè béèrè ohun tí a ń fún un jẹ, kí n sì lè sọ fún wọn pẹ̀lú ìgbéraga.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tí ojú òsì rẹ̀ ń dami. Kì í ṣe omi díẹ̀. Irun abẹ́ ojú náà ti lẹ̀ pọ̀, ipin funfun sì ti dì sí igun rẹ̀. Mo nù ún, ó tún dà. Apólò ti mú àwọn ọmọ mélòó kan ládùúgbò lọ́sẹ̀ náà, nítorí náà ìyá mi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wo Àlejò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fa ìborùn bo ojú ara wọn, wọ́n ní, "Apólò ni. Dìde níbẹ̀ yẹn kíá." Láti ìgbà náà ni gbogbo ilé ti ń kẹ́yìn sí i.

Kì í ṣe pé a káwọ́ gbera. A fi omi iyọ̀ fọ ojú náà. A ra oògùn ojú ní kẹ́míìsì, mò ń kán an sí i, Àlejò sì ń fi ẹsẹ̀ iwájú nù ún dànù. Ìyá mi wá rántí pé omi ọmú ni àwọn ìyá wọn fi ń wo apólò, ni wọ́n bá rán mi sí ìyàwó kan tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ nílé kejì. Mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa, mo ní ìyá mi ní kó jọ̀ọ́, kó bá wa fún omi ọmú díẹ̀ sínú ife, ojú ló ń dun Àlejò wa. Àánú ṣe é. Ó ti mú ife lọ́wọ́ kó tó bi mí pé, "Ọmọ oṣù mélòó ni?" Mo ní ehoro ni. Ó wò mí, ó wò mí, ó sì rọra gbé ife náà padà sórí tábìlì. "Bá mi kí màmá ẹ," ni ohun tó sọ mọ.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé Àlejò kò lè jẹun mọ́. Ebi ń pa á, mo rí i. Yóò sáré wá bá búrẹ́dì, yóò bù ú sẹ́nu, yóò jẹ ẹ́ díẹ̀, yóò sì jẹ́ kó jábọ́. Itọ́ ti rin àgbọ̀n rẹ̀ gbindin. Ìyá mi ní ìbànújẹ́ ló ń ṣe é. Bàbá mi ní ìkẹ́ ti bà á jẹ́, pé bóyá ẹja díndín ló kù tó ń wá. Èmi ọlọ́gbọ́n ilé ní tèmi, mo ní ààwẹ̀ ló ń gbà kí Ọlọ́run lè wo ojú rẹ̀ sàn, mo sì bá a gbà á títí di ìgbà tí ìyá mi fi ń dín dòdò lọ́sàn-án.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bàbá onílé pe àwọn òbí mi jókòó. Wọn kò bínú rárá, ìyẹn ló tilẹ̀ jẹ́ kó wọ̀ mí lára. "Ẹ̀yin ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ojú kan ṣoṣo ni Ọlọ́hun fi sílẹ̀ fún mi. Bí apólò bá wọ èyí, ta ni yóò máa fà mí lọ́wọ́ lọ sí mọ́sálásí? Bó bá di Jímọ̀ tí ojú ẹran yìí ò gbẹ, ẹ jẹ́ n fi bísímílà pa á, kí ẹ rí i jẹ." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kò burú. Kí ni wọn ì bá sọ? Èmi náà kò rí ibi tí mo lè ti bá bàbá onílé bínú, torí ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù fún wọn láyé ni wọ́n ń dáàbò bò. Mo kàn wọlé lọ, mo sunkún títí ojú tèmi náà fi pọ́n, ni gbogbo ilé bá tún ń kẹ́yìn sí èmi náà.

Ìyá mi ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Wọ́n ní àrùn la lè wò, a kì í wo ikú, Àlejò kò sì tíì kú. Wọ́n bi àwọn tó ń kó aṣọ wá fún wọn rán, ọ̀kan nínú wọn sì sọ fún wọn nípa dókítà ẹran kan ní Ifọ̀. Ọjọ́rú ni èmi àti ìyá mi gbéra. Mo fi Àlejò sínú apẹ̀rẹ̀, mo fi ìró bò ó, a wọkọ̀ gba ọ̀nà Òfadà, a sọ̀, a tún wọ òmíràn, a fi ọ̀kadà parí rẹ̀. N kò dé Ifọ̀ rí, gbogbo ohun tí mo rí lọ́nà ni mò ń sọ fún Àlejò lábẹ́ ìró, títí ìyá àgbà kan nínú ọkọ̀ fi bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ṣí ìró díẹ̀, etí méjì yọ jáde. Ìyá náà sún mọ́ fèrèsé títí a fi sọ̀.

Obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò pọ̀ ni dókítà náà, wọ́n wọ bàtà òjò, ewúrẹ́ sì kún iwájú ilé ìtọ́jú wọn. Wọ́n wo ojú Àlejò tààrà, láìkẹ́yìn sí i, mo sì ti fẹ́ràn wọn láti ibẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, Àlejò ta gìrì. Wọ́n ní kí a fi í sílẹ̀, pé àwọn yóò fún un lábẹ́rẹ́ oorun kí àwọn lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, àwọn yóò sì fi ohun tí àwọn bá rí ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá mi.

Ọjọ́ kejì, bàbá mi kò lọ síbi iṣẹ́, ibà díẹ̀ ló ń ṣe wọ́n. Nígbà náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé ilé wa, àfi lórí òkìtì yanrìn tí ẹnì kan dà sílẹ̀ fún ilé tí kò tíì kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nǹkan, yanrìn ni yóò gùn. Mo ti gùn ún láti àárọ̀, mò ń gùn, mò ń sọ̀, títí fóònù fi dún lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án. Mo sáré gbé e wálé láì tíì kà á. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wà lójú fóònù nìyí, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nígbà náà: "E kaasan ma. Eyin lo fa a. Se ki n ge e?"

Bàbá mi ló kọ́kọ́ gbà á. Wọ́n kà á sókè, "Ẹ̀yin ló fà á." Ojú wọn yí padà. "Àwa? Ọmọ àná yìí ń kọ̀wé sílé mi pé èmi ni mo fún ehoro ní apólò?" Ìyá mi gba fóònù náà, wọ́n ti rántí oúnjẹ ọjọ́ Àìkú. "Dádì, kì í ṣe ẹ̀yin ló kọ. Ẹyin ni. Ẹyin tí mò ń sè fún un yẹn ni. Mo ti pa ẹran ẹlẹ́ran." Bàbá onílé, tí wọ́n ti jókòó ti ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ní, "Ẹ̀yìn ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti la nǹkan mọ́ ọn lẹ́yìn." Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ kò mọ̀ pé ìgbà kan ń bọ̀ tí ẹyin yóò ti fọ́ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ló wá kó jìnnìjìnnì bá gbogbo wọn. Kí ni dókítà fẹ́ gé? Ìyá mi ní ojú ni, wọ́n fẹ́ gé ojú Àlejò kúrò lórí rẹ̀. Bàbá mi ní bí kì í bá ṣe ojú, ọrùn ni. Wọ́n pàṣẹ fún mi pé kí n gun yanrìn, kí n dá a lóhùn pé rárá, kò gbọdọ̀ gé nǹkan kan, a ń bọ̀ wá gbé e lọ́la, kí bàbá onílé pa á nílé níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Mo gun yanrìn. Mo kọ́kọ́ pe dókítà, ìpè náà kò wọlé. Mo tún pè, kò wọlé. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ "Rara", omijé ń bọ́ sórí bọ́tìnì. Akọrin ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti dà mí láàmú, orin ni mo máa ń fi í kọ. Láì rò ó, mo fi ohùn àwọn ará ilé kọ ọ̀rọ̀ dókítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti bàbá mi, dò-rè, ẹ̀yin. Ti ìyá mi, rè-rè, ẹyin. Ti bàbá onílé, dò-dò, ẹ̀yìn. Ẹnu mi wá gòkè lọ fúnra rẹ̀, rè-mí. Eyín.

Mo dúró gbagidi. Mo rí àgbọ̀n tó rin gbindin. Mo rí búrẹ́dì tó ń jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo pariwo láti orí òkìtì náà pé, "Eyín ni! Eyín ẹnu! Eyín ni wọ́n fẹ́ gé!"

Gbogbo wọn jáde síta. Bàbá mi ní orí mi ti dàrú. "Kí ló pa eyín àti ojú pọ̀?" Bàbá onílé ló gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn. Wọ́n ní lọ́dún tí eyín inú lọ́hùn-ún dùn wọ́n, tó wú, ojú tó wà lápá ibẹ̀ kò yé dami títí wọ́n fi yọ eyín náà. Wọ́n wá yíjú sí bàbá mi. "Bó bá jẹ́ eyín ni, kì í ṣe apólò nìyẹn. Ẹ ní kó gé e." Bàbá mi wò wọ́n, wọ́n wò mí, wọ́n mi orí. Mo pa "Rara" rẹ́, mo tẹ "E ge e ma, e jowo", mo sì na fóònù náà sókè ọ̀run títí ó fi sọ pé ó ti lọ.

Ibà bàbá mi lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbà pé ìtara ló lé e lọ, torí àwọn fúnra wọn ló ṣáájú wa dé Ifọ̀ láàárọ̀ Jímọ̀. Dókítà ṣàlàyé fún wa. Wọ́n ní eyín ehoro kì í dáwọ́ dúró, híhù ló ń hù títí ayé rẹ̀, bí èékánná wa. Koríko líle tó ń lọ̀ lójoojúmọ́ ló máa ń bá a gé e kù. Ti Àlejò kò rí nǹkan lọ̀. Àwọn tó wà nínú ti hù ṣóṣóró, wọ́n ń gún un láhọ́n, gbòǹgbò àwọn tòkè sì ti fún ọ̀nà tí omijé ń gbà sọ̀ sínú imú pa, ni omi náà bá ń tú síta lójú. Wọ́n ti gé eyín náà, wọ́n ti fọ ọ̀nà omijé, àmọ́ yóò tún máa hù, a ó sì máa gbé e wá fún wọn lóòrèkóòrè.

"Kí lẹ ń fún un jẹ gan-an?" ni dókítà bi ìyá mi. Ìyá mi wo àjà. Ìgbà tí wọ́n máa dáhùn, wọ́n ka búrẹ́dì, tíì, ìrẹsì àti mọ́ín-mọ́ín, wọ́n sì fo ẹyin. Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ rí i bí mo ṣe kà á dáadáa," ni wọ́n wí, "Ẹ̀yin ló fà á." Nígbà tí wọ́n sọ gbogbo bí a ṣe ka ọ̀rọ̀ náà fún dókítà, dókítà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí àpò oúnjẹ adìyẹ. Mi ò mọ ìgbà tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé Àlejò jó yíká àwọn ewúrẹ́ wọ̀nyẹn.

A dé ilé kí bàbá onílé tó ti mọ́sálásí dé. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọn kò kẹ́yìn sí i. Wọ́n wá tààrà, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ojú kan ṣoṣo náà sún mọ́ ti Àlejò, wọ́n sì wò ó pẹ́. Irun abẹ́ ojú rẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n fúnra wọn já èèsún létí ògiri, wọ́n nà án sí i. Àlejò kò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó bù ú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, koríko náà ń wọlé sẹ́nu rẹ̀ bí òwú tó ń wọ inú ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi. "Alihamudulilahi," ni bàbá onílé wí. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ tíì wà lọ́wọ́ wọn.

Ó ti pẹ́. Ilé ti bo gbogbo igbó ẹ̀yìnkùlé yẹn, wọ́n ti fi yanrìn yẹn kọ́ ilé alájà méjì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń wọlé bá èèyàn lórí ibùsùn. Àlejò lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ wa, ọ̀nà Ifọ̀ sì wá mọ́ wa lára bí ọ̀nà ọjà. Láàárín àwọn ọdún náà ni ojú bàbá onílé ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe apólò, kì í ṣe ehoro, ogbó ni. Wọ́n ti ṣọ́ ọ tó bí èèyàn ṣe lè ṣọ́ nǹkan, ó sì lọ náà. Èmi ni mò ń fà wọ́n lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí nígbà tí mo bá wá lọ́lidé láti yunifásítì.

Bí mo bá rántí ilé yẹn báyìí, kì í ṣe ọjọ́ yanrìn ló ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, bó ti wù kó dùn tó. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jẹ́, tí bàbá onílé bá jókòó síta, tí wọ́n ní kí n gbé ẹran náà wá. Màá gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀, màá fi koríko sí wọn lọ́wọ́. Wọn a fi ọwọ́ wá ẹnu rẹ̀, wọn a na koríko náà sí i, wọn a tẹ orí ba, wọn a ní, "Jẹ ẹ́ kí n gbọ́."